Ta ni yóò sùn nínú ilé náà?

Ọ̀rọ̀ ilé ni a gbé dání lónìí: ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn tí ó ṣeé tì, àti ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí kò tóbi rárá. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Pobẹ̀ bẹ̀ wá pé kí a bá òun wá yàrá kan àti pálọ̀. A rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi rìn ín. Àwọn ilé tí ó ní omi àti iná ti kún. Ní àwọn tí ó ṣófo, onílé ń béèrè owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí owó rẹ̀ rọrùn, ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé gbà bí òjò bá ti rọ̀. Ìyá arúgbó kan tí a bá jókòó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò wá títí, ó ní: «Ilé pọ̀ ní Pobẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé tí apá olùkọ́ ká ni kò sí.» Níkẹyìn, ọmọ náà gba yàrá kan ṣoṣo sí Sakété, alùpùpù ni ó sì ń gùn wá síṣẹ́ láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà kò kúrò lọ́kàn wa. Bí ẹni tí ń gba owó oṣù kò bá rí ilé gbà, báwo ni ti ẹni tí ń fọ́ èkùrọ́, ti ẹni tí ń gun zemidjan, ti ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ?

Láti ọdún 2016 ni Pobẹ̀ ti di olú-ìlú ẹkùn Plateau. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, wọ́n ka ènìyàn tí ó lé ní 120,000 ní agbègbè Pobẹ̀, àti èyí tí ó lé ní 110,000 ní agbègbè Sakété. Bí a bá fi Kétu, Ìfọ̀nyìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀ kún un, ẹkùn wa ní ènìyàn tí ó lé ní 620,000 ní ọdún yẹn, àwọn ọmọ tí a bí nígbà náà sì ti ń jókòó nínú kíláàsì wa báyìí. Ọ́fíìsì ń bọ̀ sí olú-ìlú, òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé ọ́fíìsì, oníṣòwò ń tẹ̀lé òṣìṣẹ́, owó ilé sì ń tẹ̀lé gbogbo wọn. Ìlú tí kò bá ṣètò bí yóò ṣe gbòòrò, yóò gbòòrò bákan náà. Àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ni ìgbòòrò náà yóò tì sí ẹ̀gbẹ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó máa ń yà wá lẹ́nu. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń wa òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ilé iṣẹ́ Onígbòlò, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní agbègbè Pobẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ilé alájà ní Kùtọ̀nú àti Àjàṣẹ́ ni ó ní erùpẹ̀ wa nínú. Síbẹ̀, ẹni tí ń gbé ní ìtòsí ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ń jáde lè máa gbé nínú ilé tí òjò ń wọ̀. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe sìmẹ́ǹtì nìkan ni ó ń sọ ilé di ọ̀wọ́n.

Nǹkan mẹ́rin ni a ń san owó fún nígbà tí a bá ń kọ́ ilé. Èkínní ni ilẹ̀. Èkejì ni ohun tí ó yí ilé ká: ọ̀nà, omi, iná, gọ́tà tí yóò gbé àgbàrá lọ. Ẹ̀kẹta ni ilé fúnra rẹ̀: bíríkì, irin, páànù, owó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ẹ̀kẹrin ni àkókò, èyí ni pé iye ọdún tí a óò fi san owó tí a yá, àti èlé tí a óò san lé e lórí. Ẹ̀kẹta nìkan ni ojú ń rí. Àwọn mẹ́ta yòókù fara pamọ́, àwọn ni ó sì sábà máa ń wọni lọ́rùn jù.

Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti ń ṣe é láyé tiwọn. Ẹbí ni ó ń fún ọmọ ní ilẹ̀, kò sì rà á. Amọ̀ tí a wà lẹ́yìn ilé ni a fi ń mọ ògiri. A bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn àna àti àwọn ẹgbẹ́ wá, a se oúnjẹ fún wọn, ògiri sì ga sókè ní ìpele-ìpele. Nígbà tí páànù dé, èésú ni ọ̀pọ̀ fi rà á: ẹni tí ó kan kó owó, ó kan ilé, ó sì ń dá owó lọ títí tí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ kò gba owó, ilé gba agbára ju owó lọ, èlé kò sì sí. Ohun tí ó yí ilé ká nìkan ni ọwọ́ ẹbí kò tó. Ìjọba amúnisìn ni ó la ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobẹ̀, ọjà àti ilé sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ojú irin náà kò rìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà: ibi tí ọ̀nà bá kọ́kọ́ dé ni ènìyàn ń kọ́lé sí.

Lónìí, ilẹ̀ ti di ọjà. Ilẹ̀ ẹbí ti pín sí wẹ́wẹ́, àwọn tí ó wà létí títì ti tà lọ, ọ̀wẹ̀ sì ṣòroó bẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ti gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn ohun tí kò gba owó tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba owó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbọ́dọ̀ dá sí i, tí báǹkì náà sì fi wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ẹ ti gbọ́ nípa ètò ilé 20,000 tí ìjọba gbé kalẹ̀ nínú ètò iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2016. Ibi tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ ni Ouèdo, ní agbègbè Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ya ilé tí ó lé ní 10,000 sí. Ilé iṣẹ́ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, SImAU, ni ó ń bójú tó o. Báǹkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, BOAD, àti Báǹkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù wà lára àwọn tí ó yá ìjọba lówó. Ọ̀nà tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbà sanwó ni àwọn Faransé ń pè ní location-accession: o wọlé bí ayálégbé, o ń san iye kan lóṣooṣù fún ọdún púpọ̀, nígbà tí o bá san tán, ilé di tìrẹ.

Kí ni ìdí tí ọ̀nà yìí fi lè mú kí ilé rọrùn? A ó fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6 fráǹkì. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe owó ilé Ouèdo. Bí báǹkì bá yá wa ní owó náà fún ọdún 5, ní èlé 7% lọ́dún, a óò máa san nǹkan bí 118,800 fráǹkì lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ fún ọdún 20 ní èlé kan náà, yóò di nǹkan bí 46,500 fráǹkì. Ó ti rọ̀ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo owó tí a óò san, ó ju mílíọ̀nù 11 lọ. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá lè rí owó tí èlé rẹ̀ jẹ́ 3% fún ọdún 20 náà, ìsanwó oṣooṣù yóò di nǹkan bí 33,300 fráǹkì, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 8. Ilé kan náà ni, bíríkì kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Àkókò àti èlé nìkan ni ó yí padà. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń lọ bá àwọn báǹkì ńlá tí ń yá owó fún ọdún gígùn ní èlé kékeré, tí ó sì ń fi ilẹ̀ àti ọ̀nà sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé ìṣirò yín dé. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin gbà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 fráǹkì. Àwọn onímọ̀ sọ pé kò yẹ kí ìdílé fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé san owó ilé. Ìdá kan nínú mẹ́ta 52,000 jẹ́ nǹkan bí 17,300. Nítorí náà, ẹni tí ń gba owó yìí kò lè san 33,300, ká tó sọ pé 46,500. Ilé tí apá rẹ̀ ká, pẹ̀lú owó tí ó rọrùn jù nínú àpẹẹrẹ wa, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí mílíọ̀nù 3 lọ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré nìyẹn o. Ó ṣì ní ìwé owó oṣù tí ó lè fi han báǹkì. Àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ ń wọlé lákòókò ìkórè ọ̀pẹ ńkọ́? Ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà Sakété ńkọ́, tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé kankan tí ó fi í hàn?

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu Ouèdo. Òṣìṣẹ́ tí ó rí ilé rere gbà níbẹ̀ yóò fi yàrá tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, èyí sì dára. Ohun tí a ń sọ ni pé aṣọ tí a rán fún òṣìṣẹ́ Kùtọ̀nú, bí a bá gbé e wá fún àgbẹ̀ Pobẹ̀ láìwọn ọn, yóò há tàbí kí ó gbọ̀n.

Ewu kejì wà tí ó ju ti owó lọ, ìtàn rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa, nítorí pé agboolé tí kò ní ẹbí ní Èkó kò pọ̀ láàárín wa. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú náà ṣe. Ní ọdún 1955, àjọ yìí gbé ètò kan kalẹ̀ fún àárín Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 28. Lójú ìwé, ètò náà wuni: wọn yóò wó àwọn ilé tí ó fún pọ̀, wọn yóò la títì gbòòrò, wọn yóò san owó gbà-má-bínú fún onílé, wọn yóò sì kó àwọn ará ilé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Onílẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ní owó tí ó ju èyí tí ó gbà lọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà nínú ilé wọn àtijọ́ àti ní Sùúrùlérè, ó sì tẹ ìwé lórí ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí yẹ ní kíkà fún gbogbo ẹni tí ń ṣètò ìlú. Ilé tuntun dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, àwọn tọkọtaya kan sì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí ń ta ọjà ní iwájú ilé pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ènìyàn mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò wá a dé Sùúrùlérè. Owó ọkọ̀ wọ inú ìnáwó ìdílé. Àwọn àgbà tí ọmọ ìyá wọn ń fún ní oúnjẹ nínú agboolé kan náà wá ń gbé jìnnà sí ẹni tí ń tọ́jú wọn. Àwọn tí ó ṣètò náà ka yàrá, wọn kò ka okùn tí ó so yàrá kan mọ́ èkejì. Ohun tí agboolé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìtọ́jú àgbà, ìmójútó ọmọ, ìyánilówó láìsí èlé, wá di ohun tí a ń fi owó wá.

Láti inú ìtàn méjèèjì yìí ni a ti fa ìbéèrè mẹ́ta yọ, a sì rọ̀ yín kí ẹ máa fi wọ́n wọn ètò ilé gbogbo tí wọ́n bá gbé wá sí Pobẹ̀ tàbí Sakété. Ilẹ̀ ta ni? Owó ta ni, fún ọdún mélòó? Ta ni yóò sùn nínú ilé náà?

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí a ṣe ní ọdún 2013, tí a sì tún ṣe ní 2017, sọ titre foncier di ìwé tí ó fìdí ẹ̀tọ́ ẹni múlẹ̀ ju gbogbo ìwé mìíràn lọ, àjọ ANDF ni ó sì ń bójú tó o. Kò sí báǹkì tí yóò gba ilẹ̀ tí kò ní ìwé tòótọ́ bí ohun ìdógò. Nítorí náà, ìwé ilẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ìnáwó ilé. Ẹbí tí ó bá ṣe ìwé fún agboolé rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn báǹkì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹbí tí ó bá ta ilẹ̀ láìpe ìpàdé, láìkọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sílẹ̀, ti gbin ẹjọ́ tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò kórè. A sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó ye wa: òfin ilẹ̀ wa kò yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún. Ìpàdé ẹbí tí kò sí obìnrin níbẹ̀ kò tíì pé.

Ti mairie náà wà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe lotissement, ẹbí kọ̀ọ̀kan ń fi apá kan sílẹ̀ fún ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí a kò fi lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé àwọn tí owó wọn kéré, nísinsìnyí tí hẹ́kítà kan kò tíì di góòlù? Ilẹ̀ tí ìlú kò bá ní lọ́wọ́ lónìí, owó ńlá ni yóò fi rà á lọ́la, àwọn tí yóò gbé orí rẹ̀ ni yóò sì san owó náà. Kí á la ọ̀nà, kí á gbẹ́ gọ́tà, kí á fa omi kí ilé tó dé, nítorí pé ìnáwó rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bí a bá ní láti wó ògiri ẹni kí a tó rí ibi gbà á.

Ìbéèrè kejì, owó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọdún 2014, òfin UEMOA gbà kí báǹkì gba èlé tí kò ju 15% lọ lọ́dún, kí ilé ìfowópamọ́ kéékèèké sì gba èyí tí kò ju 24% lọ. Bí ẹnì kan bá yá mílíọ̀nù kan fráǹkì ní 24% fún ọdún 2, yóò máa san nǹkan bí 52,900 lóṣooṣù. Ẹ rántí owó oṣù tí ó kéré jù: 52,000 ni. Irú owó bẹ́ẹ̀ dára fún ọjà tí a rà láàárọ̀ tí a tà nírọ̀lẹ́; kò dára fún ilé, nítorí pé ògiri kì í bímọ ní oṣù mẹ́ta. Ilé ń fẹ́ owó onísùúrù.

Owó onísùúrù wà ní agbègbè wa. Ní Lomé, láti ọdún 2010, ni CRRH-UEMOA ti wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá owó ọdún gígùn fún àwọn báǹkì kí àwọn náà lè yá ènìyàn láti fi kọ́lé. Ohun tí ó kù ni bí owó náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ọ̀pẹ. Lójú tiwa, a nílò ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ìsanwó tẹ̀lé ìkórè, kí àgbẹ̀ san púpọ̀ ní àkókò tí owó wọlé, kí ó sì san díẹ̀ ní àkókò ìyàn. Èkejì, kí a yá owó ní ìpele bí a ti ń kọ́lé ní ìpele: ìpìlẹ̀, yàrá kan àti ilé ìyàgbẹ́ ní àkọ́kọ́, yàrá kejì nígbà tí a bá ti san ti àkọ́kọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń kọ́lé tẹ́lẹ̀. Báǹkì ni kò tíì mọ̀ ọ́n bí ọ̀nà ìkọ́lé. Ẹ̀kẹta, kí ìwé èésú àti ìwé ìfowópamọ́ CLCAM tí ènìyàn ti fi òótọ́ dá fún ọdún púpọ̀ jẹ́ ẹ̀rí fún un bí ìwé owó oṣù ti jẹ́ ẹ̀rí fún olùkọ́. Ẹni tí ó dá èésú fún ọdún mẹ́wàá tí kò já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀, onígbọ̀wọ́ wo ni a tún ń wá fún un?

Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù. Bí wọ́n bá gbé ètò wá pé kí a kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn ìlú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn àdúgbò tí ó ti wà. Agboolé púpọ̀ wà ní Pobẹ̀ àti Sakété tí àyè ṣì wà nínú wọn, tí ògiri amọ̀ ń ya, tí yàrá mẹ́ta ṣófo nítorí pé àwọn ọmọ ti lọ sí Kùtọ̀nú àti Èkó. Bí ìlú bá gbẹ́ gọ́tà dé ibẹ̀, tí omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀, tí ẹbí sì ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀, owó kékeré lè tún yàrá wọ̀nyí ṣe. Àgbà yóò wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹbí yóò gba owó ilé, olùkọ́ wa náà yóò sì rí ibi sùn. Ojú ìdílé ni ètò yìí yóò wà, a kò ní kó ẹnikẹ́ni kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé kò ní tó fún gbogbo ènìyàn, ilé tuntun yóò ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó di onílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́. Ayálégbé náà ní ẹ̀tọ́. Òfin ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2018 lórí ilé yíyá sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ béèrè owó ìṣáájú tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ. A mọ̀ ọ́n, a sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí onílé béèrè owó ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ wa yẹn, a kò sọ̀rọ̀. Ojú tì wá láti bá àgbàlagbà jiyàn ní iwájú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí olùkọ́ pàápàá kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ, ta ni yóò sọ ọ́? A lè sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òfin ní oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé àdéhùn, kí ọkàn yín náà lè balẹ̀.» Onílé pẹ̀lú ń bẹ̀rù ayálégbé tí yóò sá lọ láìsanwó; ìwé àdéhùn ń dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, kò sì gba owó. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀ tí a ń pè ní PDC. Ẹ lọ sí mairie, ẹ kí àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì béèrè láti kà á. Ẹ wá ojú ìwé tí ó sọ̀rọ̀ ilé. Bí kò bá sí, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó bá àwọn ìgbìmọ̀ ìlú sọ. Láti ìgbà òfin ọdún 2021 lórí ìṣàkóso ìbílẹ̀, akọ̀wé àgbà tí a ń pè ní secrétaire exécutif ni ó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní mairie. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ó kọ lẹ́tà sí.

A sì fẹ́ fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá, nítorí pé ìwà olùkọ́ kì í kúrò lára olùkọ́. Ẹ mú ìwé kan, ẹ ya àwòrán agboolé yín. Ẹ fi hàn ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń sùn, yàrá tí ó ṣófo, ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, ibi tí a ti ń pọn omi. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ irú ìwé tí ilẹ̀ náà ní, àti orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi bàbá àti ìyá yín àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Pobẹ̀, tí ọgọ́rùn-ún mìíràn yà á ní Sakété, a ó ti ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ètò ńlá kò ní: a ó mọ ẹni tí ń sùn níbo, kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí a sùn.

Ó di ìgbà mìíràn. Kí ilé wa má ṣe di ahoro o.